Kanzu Funfun Lábẹ́ Òrùlé Ziada

Ẹ má bi mí ní ìwé, orin ni mo mọ̀. Ní Shangani níbí, ní àdúgbò etí òkun wa, bí a bá da ẹfun àti òkúta wẹ́wẹ́ sórí ilé, lílù ni à ń lù ú, igi pẹlẹbẹ lọ́wọ́, orin lẹ́nu, títí yóò fi le koko. Bí orin bá kú, igi náà á kú. Èmi ni mo ń dá orin.

Lọ́dún yẹn, Bàbá Makame, àgbà fundi, ìyẹn ọ̀gá mọlémọlé, tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní iṣẹ́ ilé àtijọ́, gba obìnrin síṣẹ́ fún ìgbà àkọ́kọ́. Ziada ọmọ ọmọ mi wà nínú wọn. Òrùlé ilé-kéwú àtijọ́ ni wọ́n fi dán an wò. Ẹni tó ni iṣẹ́ ni yóò sọ pé "ó ti tó". Ọ̀gá kì í dá sí i. Bí òjò bá wá dé, ọ̀gá á wọ kanzu funfun, ẹ̀wù gígùn tó fi ń kí Jímọ̀ọ̀, á jókòó sábẹ́ òrùlé náà. Bí ẹ̀kán omi kan bá kàn án, ọmọ iṣẹ́ á padà sídìí ẹfun pípò, ó di ọdún mìíràn.

Òjò ń ṣú bọ̀ láti ojú òkun. Apá ń ro wá. Àwọn ẹgbẹ́ Ziada ní kó sọ pé ó ti tó, kí ẹfun lè gbẹ kí òjò tó fọ̀ ọ́ lọ. Wọn ò purọ́. Ziada kàn ń fi igi kan òrùlé kiri: kọ̀, kọ̀, kọ̀. Ó dé igun ojú àgbàrá: bùù.

Ó ní, "Màmá, igun yìí ṣì ń sùn. Ẹ dá orin."

Hamadi, ọ̀kan nínú ẹgbẹ́ rẹ̀, ti káwọ́ lérí, ni mo bá fi í kọrin:

*Hamadi jẹ ẹja, ó jẹ ìrẹsì,*
*Igi kékeré ń wúwo lọ́wọ́ ẹ̀.*
*Ìyá arúgbó ò léyín mọ́,*
*Apá ńbẹ, apá ńbẹ!*

Hamadi ní, "Màmá, torí eyín méjì tó kù yẹn ni mi ò ṣe fèsì." Ó sì gbé igi rẹ̀. A lù ú títí igun náà fi dáhùn kọ̀.

Ìgbà yẹn ni Ziada wá sọ pé ó ti tó. A fi imọ̀ àgbọn bò ó. Ọlọ́run sì bá wa di òjò mú sójú òkun títí ẹfun fi gbẹ.

Nígbà tí òjò náà dé, ó dé bí ẹni tó ń bínú. Bàbá Makame jókòó sáàárín yàrá nínú kanzu rẹ̀, ó ń mu kọfí. Àwa fẹ̀yìn ti ògiri. Ziada ò wòkè, aṣọ bàbá ló tẹjú mọ́.

Àfi bí àbàwọ́n ṣe yọ láyà kanzu.

Bàbá Makame wo òrùlé, ó wo àyà rẹ̀, ó wá gbé aṣọ náà símú.

Ó ní, "Kọfí ni. Òrùlé ò jò, ọwọ́ mi ló ń gbọ̀n."

Ó fa irin ìrẹ́lé rẹ̀ yọ, èyí tí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ti jẹ lẹ́èékù, ó nà án sí ọmọ mi. "Fundi Ziada, ilé ìyá mi ló kàn. Ìwọ ni o máa tún un ṣe."

Ṣé ẹ rò pé mo dákẹ́? Inú òjò ni mo jó bọ́ sí:

*Òrùlé ò jò o, òrùlé ò jò,*
*Ife bàbá nìkan ló jò!*