Èmi àti Ẹ̀gbọ́n Mi Lẹ́yìn Iṣẹ́ Abẹ Ọkàn

Ọ̀sẹ̀ kan náà ni wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ ọkàn fún èmi àti ẹ̀gbọ́n mi, nítorí àìsàn ọkàn wà nínú ẹbí wa. Ẹni ọdún méjìléláàádọ́ta ni mí. Ẹ̀gbọ́n mi, tó kọ́ mi níṣẹ́ télọ̀, jẹ́ ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin.

Ara tèmi tètè yá. Kó tó pé oṣù méjì, mo ti padà sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ. Ti ẹ̀gbọ́n mi ò rí bẹ́ẹ̀. Ojú ọgbẹ́ jinná, ó ń jẹun, ó ń rìn, àmọ́ ọ̀rọ̀ ń sá fún un. Ó pe sísọ́ọ̀sì ní ṣíbí. Lọ́jọ́ kan, ó wọn àyà oníbàárà lẹ́ẹ̀mẹta, kò rántí iye kankan. Ó jókòó, ó ní, "Àbúrò, orí mi ti daṣẹ́ sílẹ̀."

Ìyàwó rẹ̀ fọ̀rọ̀ náà tó dókítà létí. Dókítà ní, "Mà, ẹ má fi wọ́n wé àbúrò wọn. Ọpọlọ àgbà kì í sábà yára bíi ti ẹni tó kéré lẹ́yìn irú iṣẹ́ abẹ yìí. Ó lè gba oṣù bíi mélòó kan. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa ṣe ohun tí wọ́n mọ̀ ọ́n ṣe."

Mo bá gbé tábìlì rẹ̀ sún mọ́ tèmi ní ṣọ́ọ̀bù wa. Ojoojúmọ́ ni mò ń bi í pé, "Ẹ̀gbọ́n mi, báwo la ṣe ń gé ọrùn èyí?" Mo mọ̀ ọ́n o, àmọ́ mo fẹ́ kó ti ẹnu rẹ̀ jáde. Nígbà mìíràn á sọ ọ́ délẹ̀, nígbà mìíràn á dúró sáàárín ọ̀nà.

Ní oṣù kẹrin lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ náà, ó dá ṣẹ́ẹ̀tì kan gé, ó dá a rán, kò jẹ́ kí n fọwọ́ kàn án. Ó wọ̀ ọ́ jáde sí wa. Apá òsì méjì ló rán mọ́ ọn! Mi ò mọ ibi tí màá gbé ojú sí. Ìyàwó rẹ̀ wò ó títí, ó ní, "Bàbá wọn, apá ọ̀tún yín dà?"

Ẹ̀gbọ́n mi wo ara rẹ̀, ó bú sẹ́rìn-ín. A rẹ́rìn-ín títí tí àyà fi ń dun àwa méjèèjì.

Ó ní, "Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ẹ fún mi lábẹ́rẹ́, kí n tú u."

Nígbà tó di oṣù kẹjọ, mò ń rán kóòtù lọ, ó kàn gbójú sókè láti ibi tó jókòó sí. "Èjìká yẹn gùn jù."

Mo mú téèpù, mo wọ̀n ọ́n. Ìdajì ínṣì ló fi gùn jù. Tayọ̀tayọ̀ ni mo fi tú èjìká náà.

Ìrántí ẹ̀gbọ́n mi kò tíì pé pérépéré. Ó ṣì máa ń ṣèèṣì fi orúkọ àkọ́bí rẹ̀ pè mí. Mo máa ń jẹ́ ẹ, màá sì lọ bá a.