Ológbò Tó Ń Kí Ará Ilé

Bí eruku bá bà lé tábìlì tíṣà kọ̀ǹpútà, eruku náà á fẹ́rẹ̀ẹ́ tọrọ àforíjì. Ó kórìíra wúruwùru. Àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń so búlọ́ọ̀kù aláwọ̀ oríṣiríṣi pọ̀ lójú kọ̀ǹpútà, kí àwòrán lè máa rìn, kó sì máa sọ̀rọ̀. Bí ọmọ kan bá to ohun kan náà lẹ́ẹ̀mejì, ó gbé!

"Búlọ́ọ̀kù 'tún un ṣe' wà ńlẹ̀! Ṣé ẹ fẹ́ fi se ọbẹ̀ ni?"

Ọmọbìnrin kan tí ìyá rẹ̀ jẹ́ aránṣọ ló ń dá a lágara jù. Àdàkọ ni tíṣà ń pè é, torí gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ ló máa ń dà kọ sí fáìlì mẹ́ta mẹ́rin.

"Àdàkọ, kí ló dé tí búlọ́ọ̀kù ológbò rẹ gùn bí ẹjọ́ orogún? Ohùn kìíní, ohùn kejì, ohùn kẹta! Ṣé wọn ò lórúkọ ni?"

"Mo mọ̀ wọ́n lórí, sà."

Nígbà tó yá, àìsàn gbé Àdàkọ dùbúlẹ̀ sí ọsibítù. Àfihàn iṣẹ́ ọmọ ilé-ìwé sì ń bọ̀. Tíṣà ní òun á bá a tún ológbò náà tò, kó lè gba ẹ̀bùn tó bá dé. Ó fi ohùn kìíní sílẹ̀, ó fi 'tún un ṣe' bò ó, ó pa gbogbo ìyókù rẹ́ láì gbọ́ wọn. Ó ń súfèé bó ṣe ń ṣe é. Iṣẹ́ mọ́ tónítóní!

Àdàkọ ò dé mọ́.

Lẹ́yìn ìsìnkú, ìyá àti bàbá rẹ̀ wá sí kíláàsì.

"Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́," ni ìyá wí. "Ọmọ yìí sọ fún mi lórí bẹ́ẹ̀dì pé òun ti fi ohùn òun kí oníkálukú wa sínú ológbò kan. Ó ní tèmi ló pa òun lẹ́rìn-ín jù. A ò ní ohùn rẹ̀ níbòmíràn. Mo wá gbọ́ tèmi."

Tíṣà tẹ ológbò náà lójú kọ̀ǹpútà. Ológbò rìn dé yàrá àkọ́kọ́ nínú ilé tí ọmọ náà yà síbẹ̀.

"Bàámi, ẹ káàárọ̀ o!"

Bàbá fi fìlà bojú. Ológbò dé yàrá ìyá àgbà.

"Bàámi, ẹ káàárọ̀ o!"

"Áà! Ìyá mi ti di bàbá!" Bàbá bú sẹ́rìn-ín. Ológbò dé yàrá àbúrò, bákan náà. Bàbá ò rẹ́rìn-ín mọ́. Ológbò dé yàrá ìyá.

"Bàámi, ẹ káàárọ̀ o!"

"Tíṣà, tèmi dà?"

Tíṣà dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Mo rò pé ọ̀kan náà ni gbogbo wọn, mà. Mo pa á rẹ́."

Ìyá jókòó sórí àga ọmọ rẹ̀.

Lójijì ni tíṣà fò dìde. Àdàkọ! Ọmọ tí í da gbogbo nǹkan kọ! Ó fa kọ̀ǹpútà alágbèéká tí ilé-ìwé yá ọmọ náà lọ sílé, tí wọ́n ti dá padà, jáde nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Fáìlì ló kún inú rẹ̀, Àìlórúkọ, Àìlórúkọ mìíràn, Àìlórúkọ mìíràn: ológbò kan náà ni gbogbo wọn, gẹ́gẹ́ bí ọmọ náà ṣe tò ó. Tíṣà tẹ ọ̀kan.

"Màmá àgbà, ẹ jíire!" Bàbá pàtẹ́wọ́. Ní yàrá àbúrò: "Orí Bíríkì, dìde, o ti tọ̀ sílé!" Bàbá ń rẹ́rìn-ín, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Ìyá tẹ etí mọ́ ẹ̀rọ.

Ológbò dé yàrá tó gbẹ̀yìn. Ariwo máṣíìnì ìránṣọ ló kọ́kọ́ jáde.

"Màámi, ẹ káà—"

"Pa nǹkan yẹn! Ṣé o ò rí i pé mo ń ṣiṣẹ́ ni? Jáde!"

Ohùn ìyá fúnra rẹ̀ ni. Lẹ́yìn rẹ̀, ọmọ náà rẹ́rìn-ín kékeré, ilẹ̀kùn sì pa dé.

Tíṣà na ọwọ́ láti pa á. Ìyá gbá ọwọ́ náà mú.

"Ẹ jẹ́ kó tún kí mi."

Tíṣà tún tẹ̀ ẹ́. Máṣíìnì pariwo. "Màámi, ẹ káà—"

"Káàárọ̀, ọmọ—" ni ìyá sáré wí, ṣùgbọ́n ohùn tirẹ̀ inú ẹ̀rọ ti yára jù ú lọ. "Pa nǹkan yẹn!"

"Lẹ́ẹ̀kan sí i, tíṣà," ni ìyá wí. "Màá yára sí i."