Ọpẹ́ Àná

“Dókítà, bóyá èsì ẹlòmíràn lẹ mú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un wò.”

Bàbá Ògúnmọ́lá ṣì ń rẹ́rìn-ín. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà tí ó gbé láti oko rẹ̀ ní Òṣú wá fún dókítà wà lẹ́bàá ilẹ̀kùn, odidi ìdì kan, oje ṣì ń kán lára rẹ̀. Ọpẹ́ ló bá wá sí ọsibítù ní Òṣogbo láàárọ̀ ọjọ́ náà, kì í ṣe ọ̀rọ̀ mìíràn.

Dókítà Àmínù kò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀.

“Tiyín ni, Bàbá. A ti tún ẹ̀jẹ̀ náà yẹ̀ wò. Abẹ́rẹ́ tí à ń gún fún yín kò ká jẹjẹrẹ náà mọ́.”

“Jésù!” Ìyá Tómi, aya rẹ̀, gbé ọwọ́ lérí. Tómilọ́lá ọmọ wọn, tí wọ́n sùn sílé rẹ̀ ní Dàda Estate mọ́jú, di ọwọ́ bàbá rẹ̀ mú. Ọwọ́ náà tutù bí omi àmù.

“Ṣé mo pa abẹ́rẹ́ kan jẹ ni?”

“Ẹ kò pa ọ̀kan jẹ, Bàbá.”

“Àbí ayédèrú ni wọ́n tà fún wa?”

“Ojúlówó ni, ó sì ṣiṣẹ́. Ohun tó ń bọ́ jẹjẹrẹ pirositéètì nínú ara ọkùnrin ni abẹ́rẹ́ náà ń dí. Ṣùgbọ́n àìsàn náà ti gbọ́n, ó ti rí ọ̀nà mìíràn jẹun. Ó ti ń ràn nínú egungun ìbàdí. Òun ló ń dùn yín lẹ́yìn.”

Bàbá kò gbọ́ èyí tó kù. Ojú rẹ̀ wà lára ọ̀gẹ̀dẹ̀, ṣùgbọ́n ṣọ́ọ̀ṣì wọn ní Òṣú ló ń rí. Lọ́dún tó kọjá, nígbà tí èsì ẹ̀jẹ̀ dára, tí ìtọ̀ ń dà gaara láìsí rọ́bà tí wọ́n fi ń fà á, ó fa ewúrẹ́ jó dé iwájú pẹpẹ. Ó gba máìkì, ó ní, “Ẹ bá mi yọ̀! Jẹjẹrẹ ti kú, mo sì ti sin ín!” Ìjọ hó yèè. Láti ọjọ́ náà, Bàbá Ẹlẹ́rìí ni wọ́n ń pè é. Bí ara ẹnikẹ́ni kò bá yá, òun ni wọ́n ń bẹ̀ kó wá gbàdúrà.

“Bàbá, ṣé ẹ ń gbọ́ mi? Ọ̀nà kò tíì dí. A ó máa gún abẹ́rẹ́ náà lọ, a ó sì fi nǹkan kún un. Oògùn oníhóró wà, ṣùgbọ́n ó ṣòroó rí. Olómi wà, tí a máa ń fà sínú iṣan. Èyí ni mo rò pé ó yẹ yín, torí agbára ṣì wà lára yín. Ó lè mú èébì wá, irun orí lè gbọ̀n dànù, yóò sì máa rẹ̀ yín. Bí egungun bá ń dùn jù, a lè fi ìtànṣán ẹ̀rọ sí i. N kò ní purọ́ fún yín, kò sí èyí tí yóò pa á run. Ṣùgbọ́n ẹ lè pẹ́ sí i, kí ìrora sì dínkù.”

“Bí mo bá kọ gbogbo rẹ̀ ńkọ́?”

“A ó máa tọ́jú ìrora yín. A kò ní ta yín nù. Ọwọ́ yín ló wà.”

Bàbá dìde. “Ó tó. Ẹ jẹ́ ká máa lọ sílé.”

“Bàbá mi!”

“Tómi, dákẹ́. Ikú yá ju ẹ̀sín. Ojú wo ni n ó fi gbé orí pípá wọ ṣọ́ọ̀ṣì? Wọ́n á ní òkú tí Bàbá Ẹlẹ́rìí sin ti wá bá a nílé. Wọ́n á ní mo purọ́ mọ́ Ọlọ́run.”

Ìyá Tómi fi etí ìró nu ojú. “Ewúrẹ́ tí wọ́n jẹ ńkọ́? Ṣé wọ́n á pọ̀ ọ́ padà ni?”

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu Tómilọ́lá láìròtẹ́lẹ̀, ẹkún sì tẹ̀ lé e.

“Ìyá Tómi, mi ò ṣàwàdà o.”

“Èmi náà ò ṣe é.” Ó lọ dúró níwájú ọkọ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. “Ọmọ Obòkun, ọmọ ẹlẹ́ní ẹwẹlẹ, ọkọ mi tí ìtàkùn kò dá dúró nínú igbó kòkó! Nígbà tí rọ́bà wà lára yín, ta ló ń da ìtọ̀ nù? Èmi ni. Nígbà tó kúrò, ẹ fi ẹsẹ̀ ara yín rìn dé oko, ẹ já kòkó, ẹ ń kọrin. Ṣé irọ́ nìyẹn?”

Bàbá yí ojú sí ọ̀gẹ̀dẹ̀ rẹ̀.

“Oore ni. Oore àná lẹ dúpẹ́ rẹ̀. Wọ́n sì ní bí ọmọdé bá dúpẹ́ oore àná, a rí òmíràn gbà. Ẹ ti dúpẹ́, baálé mi. Ó ku kí ẹ gbà.”

Bàbá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ gbé ọ̀gẹ̀dẹ̀ rẹ̀, ẹ̀yìn kò jẹ́. Ó fi ọwọ́ di ìbàdí mú. Lẹ́yìn náà ló fi ẹsẹ̀ tì í sún mọ́ tábìlì dókítà.

“Ọpẹ́ ni mo gbé èyí wá fún. Mi ò ní gbé e padà.”

“Ẹ ṣeun, Bàbá. Ọlọ́run á fún yín ní àlàáfíà.”

“Àmín.” Ó jókòó. “Tómi, bá mi pe pásítọ̀. Ní kó fún mi ní máìkì lọ́jọ́ Ìsinmi. Mo sọ fún wọn pé ó ti kú. N ó sọ fún wọn pé ó tún jí, kí wọ́n lè mọ àdúrà tí wọ́n á gbà.”

Ó ká ọwọ́ bùbá rẹ̀ sókè, ó na apá sórí tábìlì. “Dókítà, olómi náà ni kí ẹ fún mi.” Ìyá Tómi fi ọwọ́ tirẹ̀ sábẹ́ apá náà, ó gbé e dúró.