Ilé Tí Ẹ̀gbọ́n Ọkọ Mi Bá Wa Kọ́

Ilé tuntun la kọ́, ẹ bá wa yọ̀. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, ọ̀gá àwọn bíríkìlà, ló bá wa kọ́ ọ. Ọkọ mi ní ta ló tún máa fọkàn ṣiṣẹ́ fún ni ju ọmọ ìyá ẹni lọ. Ó kúkú rò ó dáadáa. Bí ará ìta bá kọ́ ilé jágbajàgba fún ọ, o lè pariwo mọ́ ọn. Ẹni tó gbé ọ pọ̀n nígbà tó o wà ní kékeré ńkọ́? Èmi tí mo jẹ́ ìyàwó ilé, ìkúnlẹ̀ ni mo fi ń kí Bọ̀dá nígbàkigbà tí mo bá dé ibi iṣẹ́. Orí ìkúnlẹ̀ yẹn náà ni mo ti máa ń rí gbogbo àbùkù ilẹ̀.

Mo da omi sílẹ̀ nílé ìwẹ̀, omi kọ ihò tí wọ́n là fún un, ó kọrí sí pálọ̀ bí àlejò. Ilẹ̀kùn kíṣìnì kì í pa dé àfi téèyàn bá fìdí tì í. Bọ̀dá ní èsì kan fún gbogbo ẹ̀.

"Ìyàwó wa, ilé náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jókòó ni."

Ilé wo ló ń jókòó bí ọ̀mùtí? Mi ò sọ ọ́ síta o. Wọ́n tọ́ mi dáadáa.

Mo lè fara da ìyẹn. Èyí tí mi ò lè fara dà ni yàrá ìsàlẹ̀ tí màmá mi ń bọ̀ wá gbé. Orúnkún ń yọ wọ́n lẹ́nu, wọn ò lè gun àtẹ̀gùn, yàrá yẹn nìkan ló sì wà nísàlẹ̀. Kọ́ńkéré tó dábùú òkè rẹ̀, tó gbé gbogbo ilé òkè dúró, ti là. Nígbà tí mo kọ́kọ́ rí i, bí irun orí ló tín-ín-rín. Nígbà tó yá, ọmọ ìka mi ń wọ inú ẹ̀. Bọ̀dá bá kun ọ̀dà funfun sí i. Ọ̀dà náà rẹwà, mi ò ní purọ́.

Mo sọ fún ọkọ mi. Ó ní, "Ṣé èmi ni kí n lọ kọ́ ẹ̀gbọ́n mi níṣẹ́ tó ti ń ṣe kí n tó mọ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì? Jọ̀ọ́, fi mí lọ́rùn sílẹ̀."

Ẹ̀rù ń bà mí, inú sì ń bí mi. Ìyá tèmi ló máa sùn sábẹ́ ẹ̀.

Lọ́jọ́ tí Bọ̀dá wá fún wa ní kọ́kọ́rọ́, mo tẹ́ mátírẹ́ẹ̀sì màmá mi sábẹ́ ibi tó là gan-an. Mo kúnlẹ̀.

"Bọ̀dá wa, ẹ kú iṣẹ́. Oòrùn ọ̀sán yìí ti pọ̀ jù. Ẹ̀yin làgbà, ẹ jẹ́ kó jẹ́ ẹ̀yin lẹ máa kọ́kọ́ sinmi nínú ilé yìí."

Ọkọ mi rẹ́rìn-ín músẹ́. Inú ẹ̀ dùn pé ìyàwó òun mọ bí wọ́n ṣe ń yẹ́ àgbà sí. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ sùn díẹ̀ jàre."

Bọ̀dá ní kò rẹ àwọn. Mo ní ojú wọn ti pọ́n. Wọ́n ní àwọn ń lọ síbì kan. Mo ní omi tútù ń bọ̀. Nígbà tí àwáwí tán, wọ́n bọ́ bàtà, wọ́n wo òkè, wọ́n di etí mátírẹ́ẹ̀sì mú, wọ́n sì wọ́ ọ títí dé ẹnu ọ̀nà kí wọ́n tó dùbúlẹ̀, ẹsẹ̀ wọn méjèèjì wà níta.

"Atẹ́gùn pọ̀ níbí," ni wọ́n wí.

Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu ọkọ mi. Ó wo òkè, ó wo ẹ̀gbọ́n ẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ mọ̀."

"Mọ kí ni?"

Ọkọ mi rìn lọ síbi tí mátírẹ́ẹ̀sì wà tẹ́lẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja níbẹ̀, ó dojú bolẹ̀. "Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ wó kọ́ńkéré yìí. Mi ò ní dìde àfi tí ẹ bá gbà."

"Dìde kúrò níbẹ̀!" Bọ̀dá ti fò dìde. "Ó lè já nígbàkigbà! Dìde, àbúrò mi, mo ti gbà!" Wọ́n sáré wọlé, wọ́n di apá rẹ̀ méjèèjì mú, wọ́n wọ́ ọ jáde.

Àwọn méjèèjì wá dúró síta, wọ́n ń sunkún. Èmi ò ráyè ẹkún. Mo lọ bá wọn wá òòlù.