Ẹni Tó Ń Bá Mùkáílà Jẹun

"Ẹ gbé mọ́tò yín kúrò níwájú ilé yìí! Àbí ẹ fẹ́ kí gbogbo Ẹ̀jìgbò mọ̀ pé àrùn ń bẹ nílé wa ni?"

Fàsílátù ló ń pariwo bẹ́ẹ̀, ó fọwọ́ méjèèjì lé ìbàdí. Dókítà Olújídé, tó ti ilé ìwòsàn ńlá wá, tẹjú mọ́ kúlà tó fẹ́ kó ẹ̀jẹ̀ sí. Yìnyín inú rẹ̀ ti ń yọ́, bẹ́ẹ̀ kò tíì rí ẹ̀jẹ̀ kankan gbà síbẹ̀.

Sàrátù jókòó ti Mùkáílà ọkọ rẹ̀ lórí ẹní. Ọkùnrin tó ń fi orí ru àpò ìrẹsì l'Ábíjàn, apá rẹ̀ ti gbẹ bí ẹ̀ka ewúro inú ọ̀gbẹlẹ̀. Kò lè gbé òkèlè dé ẹnu mọ́, ahọ́n rẹ̀ pàápàá ti wúwo. Láti ọjọ́ tí Sàrátù ti gbé e ti ibẹ̀ dé ni ẹbí ti ń wí pé májèlé ni, pé ìyàwó rẹ̀ ló fún un jẹ. Ohun tí Sàrátù ń wá kò ju pé kí àwọn tó mọ̀wé wo ẹ̀jẹ̀ náà, kí orúkọ òun lè mọ́.

"Dókítà, bí májèlé bá wà níbẹ̀, ṣé ẹ máa rí i?"

"Ìyá, n kò ní parọ́ fún yín. Májèlé kọ́ là ń wá. Àwọn iṣan tó ń gbé àṣẹ ọpọlọ lọ fún ẹran ara ló ń kú lára ọkọ yín. À ń rò ó pé nǹkan kan ń jẹ wọ́n bí ìpẹtà ṣe ń jẹ irin. Ìpẹtà yẹn la fẹ́ wọ̀n nínú ẹ̀jẹ̀. Kò tíì sí oògùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n mo gbọ́dọ̀ gba ti ọkùnrin tí ara rẹ̀ le pẹ̀lú, ẹgbẹ́ wọn, tó ń jẹ ohun tí wọ́n ń jẹ, kí n lè fi wé tiwọn. Láyé ìjọba ṣọ́jà tí epo mọ́tò wọ́n yìí, bí n kò bá rí i gbà lónìí, n kò lè padà wá."

Fàsílátù bú sẹ́rìn-ín. "Ta ló ń jẹ oúnjẹ rẹ nílé yìí, Sàrátù? Ajá gan-an gbóòórùn rẹ̀, ó sá!"

Ẹ wo ìyàwó ìkẹyìn tó ń fi "rẹ" bá ìyáálé rẹ̀ sọ̀rọ̀ lójú àlejò!

Ọkọ Fàsílátù ni Àlíù, àbúrò tí òun àti Mùkáílà jọ mu ọmú kan náà. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń ka tẹ̀sùbáà. Òun kan náà ló dìde ní mọ́sálásí lọ́jọ́ Jímọ̀, tó ní kí jàmáà bá òun ṣẹ́ èpè fún obìnrin tó ń pa ẹ̀gbọ́n òun láàyè.

Dókítà kọjú sí i. "Ẹ̀yin ńkọ́, sà?"

"Èmi kẹ̀? Bàrákátù ọmọ mi ń lọ sílé ọkọ. Bí àwọn àna bá gbọ́ pé ẹ fa ẹ̀jẹ̀ mi mọ́ ti aláìsàn, wọn ò ní í wí pé àrùn náà wà nínú ìdílé wa? Ẹ wá ẹlòmíì lọ."

Dókítà mi orí, ó na ọwọ́ sí ìdérí kúlà láti pa á dé, kó máa lọ. Ìgbà náà ni Mùkáílà tiraka, itọ́ ń ṣàn lẹ́nu rẹ̀.

"À... líù. Ọ... bẹ̀."

"Kí ló ń wí?" ni Fàsílátù béèrè.

"Ó ní ọbẹ̀," ni Sàrátù dáhùn. "Bí ìwọ Fàsílátù bá ti lọ sọ́jà, ọkọ rẹ ló ń wá fi òkèlè sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lẹ́nu. Èyí tó bá ṣẹ́kù, òun ló ń jẹ ẹ́, á tún fi ìka nu àwo! Ọkọ mi ló ní kí n má sọ, kí àbúrò òun má baà ṣíwọ́ wíwá. Bùọ̀dá Àlíù, májèlé inú ọbẹ̀ mi, báwo ló ṣe dá yín mọ̀ tí kò fi pa yín?"

"Irọ́ ni! Bàbá Bàrákátù, ẹ sọ pé irọ́ ni!"

Tẹ̀sùbáà ti dúró lọ́wọ́ Àlíù. Ó wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó wo ilẹ̀, ó wá jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó ká apá aṣọ rẹ̀ sókè. Fàsílátù pòṣé, ó bá ẹ̀yìn ilé lọ.

Nígbà tí Dókítà ti gba ẹ̀jẹ̀ àwọn méjèèjì, tó sì ti lọ, Àlíù rọra sún mọ́ ẹní.

"Ìyàwó, má bínú."

"Ojú jàmáà lẹ ti bú mi, ìkọ̀kọ̀ kọ́ lẹ máa ti bẹ̀ mí," ni Sàrátù wí. "Títí ẹ ó fi dìde ní mọ́sálásí láti kó ọ̀rọ̀ yín jẹ, ẹ má wá fún un lóúnjẹ mọ́."

Mùkáílà fi ojú bẹ̀ ẹ́. Sàrátù rí i, kò gbà. Ó ki ọwọ́ bọ abẹ́ abíyá ọkọ rẹ̀, ó gbé e wọ yàrá, ó sì fi gìgísẹ̀ ti ilẹ̀kùn mọ́ Àlíù.