Ìtàn Alákàn Lára Páálí Ọṣẹ

Nínú àwa akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì mẹ́fà tí a ń kọ́ àwọn ọmọ West Point, àdúgbò àwọn apẹja ní Monrovia, nígbà ìsinmi, Adébíyì nìkan ló ń wọ kóòtù wá. Oòrùn ń yan páànù, èéfín ẹja ń ta wá lójú, ọ̀gbẹ́ni wa so táì mọ́rùn bí ẹni tí wọ́n fẹ́ fi joyè. Mọ́fẹ́yìsára, olórí wa, a máa kí i pé, "Ọ̀jọ̀gbọ́n, ẹ kú ooru o."

Iṣẹ́ wa kò le. A kì í wo ọjọ́ orí. Ọmọ kọ̀ọ̀kan á ka ojú ìwé kan fún wa. Ẹni tí kò mọ lẹ́tà á lọ máa fò lórí lẹ́tà tí a kọ sí iyanrìn. Ẹni tó bá kà á já á lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń fi ìtàn ṣeré.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, Hidayah, ọmọ ọdún mọ́kànlá, ló gbẹ̀yìn lórí ìlà Adébíyì. Ó ka ìtàn alákàn tó ń wá ìyàwó láìkọsẹ̀ rárá. Kí ilẹ̀ tó ṣú, Adébíyì ti kọjá afárá lọ sí Vai Town, ó lọ bá Ràímì, bàbá ọmọ náà, ní ṣọ́ọ̀bù tó ti ń ta ọṣẹ.

"Bàbá Hidayah, ọmọ yín ń kàwé bí ẹni tó ń ka ìròyìn lórí rédíò. Wákàtí kan péré lọ́dọ̀ mi!"

Ràímì ti là á mọ́lẹ̀ tẹ́lẹ̀: bí ọmọ yìí kò bá lè ka ohun tó wà lára páálí, kó gbàgbé ilé-ìwé, kó wá jókòó ti ọjà. "Ó dáa, Tíṣà. Mo ń bọ̀ lọ́la, kí n fetí ara mi gbọ́."

Lọ́jọ́ kejì, ó gbé páálí ọṣẹ kan kalẹ̀ níwájú gbogbo wa. "Kà á."

Hidayah wo páálí títí. Ó gbé ohùn sókè: "Ní ọjọ́ kan, alákàn jáde nínú odò, ó ní òun ń wá ìyàwó..."

"Ọ̀jọ̀gbọ́n," ni Mọ́fẹ́yìsára wí, "alákàn ti kó wọnú ọṣẹ o."

Ojú ìwé kan náà ni Adébíyì fi dán gbogbo wọn wò. Hidayah, tí kò fẹ́ bá àwọn ọmọ ọdún mẹ́fà fò lórí iyanrìn, jẹ́ kí gbogbo wọn ṣíwájú òun. Ọmọ mọ́kàndínlógún kólòlò lójú rẹ̀: ẹni yìí já ọ̀rọ̀ kan, ẹni yẹn gé òmíràn jẹ. Ó fetí ṣa àkísà gbogbo wọn, ó rán an di odidi aṣọ, a kò rí ojú abẹ́rẹ́. Ẹnu yà mí. Èmi tí mo ṣe ipò kejì nínú kíláàsì mi, tí mo sì máa ń rí ọ̀nà láti sọ ọ́, n kò lè dán an wò.

Ràímì di ọwọ́ ọmọ rẹ̀ mú. "Wọ́n ń tàn mí. Ó yá, ṣọ́ọ̀bù."

Adébíyì dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú iyanrìn, tòun ti kóòtù. "Ẹ̀bi mi ni, bàbá. Ẹ ṣe sùúrù díẹ̀."

Ó bọ́ kóòtù, ó jókòó sílẹ̀ pẹ̀lú Hidayah láàárín àwọn kéékèèké. "Fi alákàn sílẹ̀. Sọ tìrẹ fún mi."

Ọmọ náà fa imú, ó fi gẹ̀ẹ́sì Monrovia sọ ọ́: "Bàámi ń ta ọṣẹ. Ọṣẹ bàámi ń hó. Alákàn jí ọṣẹ bàámi."

Àwọn ọmọ bú sẹ́rìn-ín. Adébíyì fi igi kọ ọ́ sí iyanrìn bó ṣe jáde lẹ́nu rẹ̀. Ó ní kí Hidayah máa fi ìdérí ìgò lé ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan bó ṣe ń pè é. Ó ṣe é lẹ́ẹ̀kan, ó ṣe é lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà kẹta, ọwọ́ rẹ̀ dúró lójú òfuurufú.

"Bùrọ̀dá, eléyìí wà níbí. Ó tún wà níbí. Ó tún wà lọ́hùn-ún."

Ó dìde. Ó lọ síbi páálí, ó fi ìka lé e. "Ọṣẹ."

West Point kì í dákẹ́, ṣùgbọ́n n kò gbọ́ ariwo rẹ̀ mọ́.

Ràímì yí páálí padà. Ẹ̀gbẹ́ kejì kún fún ọ̀rọ̀ wínníwínní bí èèrà. Ìka ọmọ náà rìn, ó rìn, ó dúró. "Òun nìyí. Ó kéré níbí, ṣùgbọ́n òun ni."

Bàbá rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó rọra fi ìka tirẹ̀ kan ibẹ̀, bí ẹni ń fọwọ́ kan ọmọ tuntun tó ń sùn.

"Èyí ni ọṣẹ? Ọdún mẹ́rìnlá ni mo ti ń tà á."

"Òun ni, bàámi."

Adébíyì nawọ́ mú kóòtù rẹ̀, ó rí i pé ọmọ mẹ́ta ti fi ṣe ẹní, ó fi í sílẹ̀ fún wọn.

"Tíṣà," ni Ràímì wí, kò gbójú sókè, "ọmọ yìí ń bọ̀ lọ́la." Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Wọ́n ní ẹ kì í wo ọjọ́ orí?"