Agogo Tí Kò Mí

“Èmi kì í wo iṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì,” ni Kòṣeémánìí wí fún oníbàárà rẹ̀ lórí fóònù. “Ohun tí ọwọ́ mi bá ti ṣe, ó parí. Bí ẹ bá rí àbùkù kan níbẹ̀, ẹ máa pè mí ní ọ̀dẹ̀.”

Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ara rẹ̀ ní Kòṣeémánìí. Kò sẹ́ni tó bá a du orúkọ náà. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa mú àwòrán rìn lójú kọ̀ǹpútà, yàrá ẹ̀yìn ilé rẹ̀ sì ni ọ́fíìsì: tábìlì kan, àga kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kúrú, àti fáànù kan tó ń kùn bí ìyálé.

Oníbàárà yìí fẹ́ àwọn àmì kéékèèké tí èèyàn máa ń tẹ̀ lójú fóònù: ilé, àpòòwé, kọ́kọ́rọ́, agogo, àtùpà, àti orí èèyàn kan. Ó ní kí gbogbo wọn máa wú díẹ̀, kí wọ́n máa padà wálẹ̀, bí ohun tó ń mí. Kòṣeémánìí fi ìṣirò kọ̀ǹpútà ṣe é. Oníbàárà dá a padà: “Ó jọ pọ́ǹpù omi.” Ó tún un ṣe. “Ó ṣì jọ pọ́ǹpù. Èémí ni mo ní.”

Ibẹ̀ ni ọkàn rẹ̀ ti lọ sọ́dọ̀ ìyá ìyàwó rẹ̀.

Màmá ń gbé lọ́dọ̀ wọn. Nígbà tí ara wọn ṣì le, olórí orin ni wọ́n nínú ẹgbẹ́ akọrin. Wọ́n á na ohùn kan títí tí àwọn yòókù á fi máa mí hẹlẹhẹlẹ. Ní báyìí, bí wọ́n bá ti mu tíì àárọ̀, àga onítìmùtìmù ẹ̀gbẹ́ fèrèsé yá, oorun dé. Àyà wọn á máa lọ sókè, á máa bọ̀, jẹ́jẹ́, bí omi tí ọkọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá lórí rẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, Kòṣeémánìí yọ́ wọ pálọ̀. Ó gbé fóònù ti ife tíì, ó dojú rẹ̀ kọ àyà Màmá, ó ní kó máa ya fídíò, ó padà sí yàrá rẹ̀. Nígbà tó yá, ó padà wá. Ó kọ́kọ́ wá gíláàsì ojú rẹ̀ lábẹ́ gbogbo ìrọ̀rí pálọ̀. Orí rẹ̀ ni gíláàsì wà. Ó mú fóònù, ó ní, “Ó ti tó,” ó lọ.

Kọ̀ǹpútà tọpa àyà náà, ìlọ àti ìbọ̀ rẹ̀. Ó sọ ọ́ di ìṣípòpadà kan ṣoṣo, ó so gbogbo àmì mọ́ ọn. Kí wọ́n má baà máa wú pa pọ̀ bí ọmọ ogun tó ń yan, ó gé fídíò náà sí ọ̀nà mẹ́fà, ó pín in fún wọn: ilé gba ìbẹ̀rẹ̀, àpòòwé gba èyí tó tẹ̀ lé e, títí dórí orí èèyàn tó gba ìparí. Ó wo ilé. Ilé ń mí. Ó bú sẹ́rìn-ín. Ó ní kí kọ̀ǹpútà kó gbogbo wọn jáde lẹ́ẹ̀kan náà, kò wo ìkankan mọ́, ó fi wọ́n ránṣẹ́.

Ìgbà tó ránṣẹ́ tán ló wá tò wọ́n sójú kọ̀ǹpútà, kó lè fi yangàn fún ara rẹ̀.

Ilé ń mí. Àpòòwé ń mí. Kọ́kọ́rọ́ ń mí, àmọ́ ó ń fà á, bí ẹni tó ń gun òkè.

Agogo kò mí.

Ó tún un tẹ̀. Agogo dúró bí òkúta. Àtùpà tó tẹ̀ lé e ta gìrì, ó wú fìì, bí ẹni tí wọ́n fà yọ nínú kànga, kó tó wá rọra ń mí. Orí èèyàn tó gbẹ̀yìn mí díẹ̀, ó dúró. Kò mí mọ́.

“Ẹ̀rọ yìí ti ya wèrè,” ni ó wí. Ó ṣí fídíò náà gan-an, ó lọ síbi tí agogo ti gba tirẹ̀. Àyà Màmá kò lọ, kò bọ̀. Eṣinṣin kan rìn kọjá lọ́rùn wọn, nǹkan kan kò mì. Ó pẹ́. Ó pẹ́ débi pé èémí ẹni tó ń wò ó ló fẹ́ tán. Lẹ́yìn náà ni ara náà ta gìrì.

Ó sáré lọ sí ìparí. Àyà náà tún dúró. Ó ń gbọ́ ẹnì kan nínú fídíò tó ń tú ìrọ̀rí, tó ń kùn. Ọwọ́ kan nà wọlé láti ẹ̀gbẹ́, ó bo gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ohùn kan ní, “Ó ti tó.”

Ọwọ́ tirẹ̀ ni. Ohùn tirẹ̀ ni.

Oòrùn ti kúrò láàárín ọ̀run, kò sì tíì gbọ́ kí Màmá hanrun láti àárọ̀. Ó pa fáànù kó lè gbọ́ dáadáa. Ilé dákẹ́ rọ́rọ́.

Ó pe ìyàwó rẹ̀, tó ń ṣe olùkọ́, níbi iṣẹ́.

“Mo kàn ní kí n bi ẹ́ ni,” ó ń sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́. “Ṣé àwọn àgbàlagbà máa ń sinmi díẹ̀ nídìí mímí?”

“Kí ló ṣe màmá mi?”

“Mi ò sọ pé nǹkan ṣe wọ́n.”

“Ibo lẹ wà?”

“Ọ̀dẹ̀dẹ̀.”

“Màmá ńkọ́?”

“Pálọ̀.”

“Kí lẹ wá ń ṣe ní ọ̀dẹ̀dẹ̀? Ẹ wọlé! Ẹ fọwọ́ kàn wọ́n!”

“Èmi? Ṣebí ìwọ lọmọ wọn!”

Ó wọlé ṣá. Màmá wà lórí àga bí wọ́n ṣe wà láàárọ̀ gẹ́lẹ́, ojú dì, ọwọ́ lórí itan. Awọ ti bo ojú tíì tó kù nínú ife. Kẹ́tìnì ń wú, ó ń padà, jẹ́jẹ́, bí ilé ṣe ń mí lójú kọ̀ǹpútà. Gbogbo ohun tó wà nínú yàrá náà ló ń mí, àfi ẹni tó yẹ kó mí.

Ó na ìka kan. Ó ku díẹ̀ kó kàn wọ́n.

“O ṣẹ̀ṣẹ̀ wá rántí mi,” ni Màmá wí, láìlajú.

Kòṣeémánìí fò, ẹ̀yìn àga kejì ló bá ara rẹ̀. Fóònù já bọ́ sábẹ́ tábìlì, ohùn ìyàwó rẹ̀ ń pariwo níbẹ̀.

“Nǹkan kan ṣàdédé jí mi láàárọ̀,” ni Màmá wí, “mo rí fóònù tó ranjú mọ́ mi. Mo ń gbọ́ ẹ, tí ò ń wá gíláàsì tó wà lórí ẹ. Mo ní kí n dán ọkọ ọmọ mi wò, bóyá yóò mọ̀ pé èèyàn ló wà níbí. Mo di èémí mú. O ní, ‘Ó ti tó.’ O gbé fóònù ẹ, ó di yàrá.” Wọ́n la ojú kan. “Mo tún dì í mú nísinsìnyí. Olórí orin kì í gbàgbé.”

Ẹ̀rín ìyàwó rẹ̀ bú jáde lábẹ́ tábìlì. “Màmá mi, ẹ ṣeun! Ẹ tún un ṣe fún un!”

Kòṣeémánìí náà rẹ́rìn-ín, ó ń nu òógùn. “Màmá, mo túúbá. Ti ìparí yẹn, ẹ gbá mi mú. Àmọ́ ti àárín yẹn ló fẹ́ pa mí. Ẹ ò mí, ẹ ò mí, eṣinṣin ń rìn lọ́rùn yín, ẹ wá ta gìrì!”

“Ti àárín wo?”

“Ti àárín fídíò. Kí n tó padà wọlé.”

“Mo ti jí nígbà yẹn?”

Ẹ̀rín dúró. “Ìgbà tí ẹ ta gìrì yẹn lẹ jí,” ni ó wí.

Màmá gbé ọwọ́ lé àyà ara wọn, wọ́n fi í síbẹ̀, bí ẹni tó ń retí kí wọ́n kan ilẹ̀kùn. “Oorun ni mò ń sùn,” ni wọ́n wí.

Kẹ́tìnì wú, ó padà. Lábẹ́ tábìlì, ohùn ìyàwó rẹ̀ ti yí padà. “Ẹ wọ bàtà fún wọn. Mò ń bọ̀ wá gbé wa lọ sílé ìwòsàn. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n sùn.”

Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó mú fóònù náà. Bó ṣe gbé e sókè ló dún lọ́wọ́ rẹ̀. Oníbàárà ti kọ̀wé:

“Àwòrán yín ti dé. Agogo yẹn ló wù wá jù. Ẹ jẹ́ kí gbogbo wọn rí bẹ́ẹ̀.”